Ìkíni Orí Omi Tí Fẹ́yìsetán Fi Gbọ́ Faransé

Àwọn ọmọ ilé mi máa ń sọ pé bí mo bá ní ẹja kan gùn tó ọkọ̀, kí ẹni tó ń gbọ́ mi gé orí rẹ̀, kó gé ìrù rẹ̀, kó sì da ìfun rẹ̀ nù; ohun tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹja náà gan-an. N kì í bá wọn jiyàn. Ta ní ń jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Fẹ́yìsetán ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, ẹ fi ọ̀bẹ yín sí àkọ̀ ná. Níbi tí mo bá ti fi iyọ̀ sí i, èmi fúnra mi ni n ó sọ. Èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀ ni n ó sọ, ó kéré tán.

Ẹ jẹ́ kí n tọrọ àforíjì kan ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n mi ni obìnrin yìí, òun ló pọ̀n mí dàgbà, n kò sì gbójúgbóyà pè é ní "ó" láyé mi rí. "Wọ́n" ni mo ń pè é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ "wọ́n, wọ́n" láti òkè délẹ̀, ẹ ó rò pé obìnrin mẹ́fà ló jọ wà nínú ọkọ̀ kan, ọkọ̀ ọ̀hún á sì rì. "Ó" ni n ó kọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí i létí.

Ugbónlà ni ilé Fẹ́yìsetán wà, ilé pákó orí òpó bíi ti gbogbo wa, tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ wá kí wa nígbà tí òkun bá wú. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti dolóògbé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Mósè, sì ti bá àwọn apẹja lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń lọ da àwọ̀n láti ìgbà àwọn bàbá wa. Ibẹ̀ ni Mósè gbé fẹ́yàwó, ibẹ̀ náà ló bí ọmọbìnrin kan sí tó sọ ọ́ ní Rúùtù.

Ohun kan wà nípa ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró, ojú rẹ̀ á pa dé. Kì í ṣe ọ̀lẹ, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó kàn dà bíi pé wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ ni. Ní kékeré wa, ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, olùkọ́ béèrè ẹni tó kan ọkọ̀ ńlá tí gbogbo ẹranko wọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́, Fẹ́yìsetán ti sùn ṣubú láti orí bẹ́ǹṣì, ó já pákó ilẹ̀ lu, inú omi ló ti jí. Ó dáa, pákó kò já. Orí bẹ́ǹṣì nìkan ló ti ṣubú.

Ṣùgbọ́n fi àjẹ̀ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́, kí o wá wo ojú tó là. Inú ọkọ̀ ló ti kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Èdè Ìjọ̀ tó ń sọ, tó fi ń bá àwọn obìnrin Àrógbò dúnàádúrà, tó fi ń bá wọn bú, tó sì fi ń bá wọn ṣọ̀fọ̀, kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Bí omi ṣe ń wọ inú ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni èdè náà ṣe wọ inú rẹ̀.

Ọdún tí àwọn tó ń wá epo rọ̀bì gbé ilé olókè wọn wá sórí omi wa ni Kọ́lájọ, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Mósè lọ, dé láti Gàbọ́ọ̀nù. Ìdí ààrò ẹja ló bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i ṣáá, kò dìde, a sì mọ̀ pé ọkùnrin kì í dọ̀bálẹ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Ìyàwó Mósè ti kú lórí ìkúnlẹ̀, òun àti ọmọ tuntun náà. Rúùtù nìkan ló kù, bàbá rẹ̀ kò sì lè fi ọmọbìnrin kékeré sílẹ̀ létí òkun lóun nìkan nígbà tó bá wọ ojú agbami lọ. Bí òjò bá ti dá, Mósè yóò fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀rọ̀ tí Kọ́lájọ sọ kẹ́yìn ló gún un jù. Ọmọ náà kò gbọ́ Ìlàjẹ, kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Faransé ni ìyá rẹ̀ ń bá a sọ. Bàbá rẹ̀ kì í gbélé.

Ẹ̀gbọ́n mi yí ẹja orí ààrò padà, ó yí gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, èmi ló kọjú sí.

"Èlíjà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kò ní dé ilé mi kó tún dà bí adití. Bí ó bá sunkún, mo fẹ́ bi í léèrè ohun tó ń dùn ún. Èsì tó bá sì fọ̀, mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Mo ní ṣé ó mọ̀ pé Faransé kì í ṣe èdè Ìjọ̀. Ó ní òun kò béèrè lọ́wọ́ mi.

Nígbà yẹn, ìjọ wa ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan fún àwọn tó fẹ́ lọ sí Kùtọnu tàbí Gàbọ́ọ̀nù. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè ló ń kọ́ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Ọ̀wọ̀ tó kọ́ Faransé ní yunifásítì, tí wọ́n gbé wá sí ilé ẹ̀kọ́ girama wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìbẹ̀rù omi nìkan ni àléébù rẹ̀. Bí ó bá ń gba orí afárá pákó kọjá, a ó rò pé orí okùn ló ń rìn. Fẹ́yìsetán wẹ̀, ó pa ara, ó wọ aṣọ ìjọ rẹ̀, ó lọ jókòó ní bẹ́ǹṣì iwájú láàárín àwọn ọmọkùnrin tó lè bí.

Ẹ ti mọ bó ṣe rí. Kí tíṣà tó kọ ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ lójú pátákó, orí ẹ̀gbọ́n mi ti ń mì bí ọkọ̀ tí wọ́n so sí èbúté. Ó ń hanrun débi pé àwọn òyìnbó orí omi lọ́hùn-ún rò pé ẹ́ńjìnnì tuntun ti dé. Iyọ̀ wà nínú ìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ó lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i; ó fi omi tútù bọ́jú kó tó wọlé, ó jẹ ata gbígbẹ, ó ní kí ọmọkùnrin tó jókòó tì í máa já a ní èékánná. Ọmọ náà bẹ̀rù ẹṣẹ̀, kò já a. Nígbà tí òjò ti rọ̀ dé ìdajì, ọ̀rọ̀ tó kó délé kò tó èyí tí ẹyẹ lè fi kọ orin.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí gbogbo wọn ti jáde tán, ó dúró, ó ń fi ìdí gèlè nu ojú. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè jókòó tì í. Ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ ní èdè Ìjọ̀, nítorí ó ti gbọ́ ọ níbi tó ti ń bá àwọn ará Àrógbò sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí ẹni tó kọ́ òun, ẹja lòun ń tà.

"Ìyá," ni tíṣà wí, "etí yín kò di. Bẹ́ǹṣì yìí ni kò gbà yín. Àwọn òyìnbó tó wà nínú ilé orí omi yẹn, Faransé ni wọ́n. Àwọn náà kò ha ń jẹ ẹja?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó súre fún un, ó gbé bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń lọ.

Ibi tí a dé yìí, kí ẹ̀yin tí ẹ kò gbé orí omi rí mọ bí a ṣe ń kí ara wa. Ọkọ̀ kan kì í pa ẹnu mọ́ kọjá ọkọ̀ kejì lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó ní olè ni, tàbí kó jẹ́ ará ọ̀run. Ìkíni náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu kan. Bí iwájú ọkọ̀ méjèèjì bá ti kọjú sí ara wọn, a ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ẹ kú omi, níbo lẹ ti ń bọ̀, báwo ni omi ibẹ̀ ṣe rí, ará ilé ńkọ́, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá níjọ́sí ńkọ́. Bí wọ́n bá ti kọjá ara wọn, ohùn á máa ròkè, nítorí ìkíni kò tíì tán, a kì í sì í yí ọrùn wẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà fẹ́gbẹ̀ẹ́ lélẹ̀. Àá máa béèrè, àá máa dáhùn, títí omi yóò fi gba ohùn kan mì. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dún kẹ́yìn, òun la máa ń sọ pé ó sin èkejì délé. Ẹni tó bá sì jókòó létí omi, bí ọkọ̀ ni lójú wa. A gbọ́dọ̀ kí i.

Kúùkù ilé olókè yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bá pàdé. Ísákì lorúkọ rẹ̀, ará Tògò, ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Ó yọ orí jáde, ó ní "bọ́ńjúù", ó sì nawọ́ sí agbọ̀n ẹja. Bọ́ńjúù kan péré. Ẹ̀gbọ́n mi di agbọ̀n rẹ̀ mú. Èmi ni mo wà ní ìdí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ó ní ọmọlúàbí kì í kí èèyàn ní ẹ̀ẹ̀kan bí ẹni tutọ́. Ó béèrè ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Yorùbá, ó béèrè ní Ìjọ̀, ó fi ìwọ̀nba Pijin tó gbọ́ béèrè, ó fi ọwọ́ júwe ìyàwó, ó fi ọwọ́ júwe ọmọ. Ísákì rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń fò. Ó wá dá a lóhùn ní Faransé, ó sì béèrè tiẹ̀ padà. Ohun tó wí, ẹ̀gbọ́n mi wí i tẹ̀ lé e. Bí omi ṣe ń gbé wa lọ, Ísákì ń béèrè, ẹ̀gbọ́n mi ń pè é tẹ̀ lé e, títí a kò fi rí ju fìlà funfun orí rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a padà lọ, ó kí i ní gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Bí ẹni ń hun àwọ̀n ni, ojú kan lónìí, ojú mìíràn lọ́la, kò sì sí èyí tó tú. Ọwọ́ rẹ̀ ń wa ọkọ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ń bá àjẹ̀ wọlé. Lékeléke kan máa ń bà lórí òpó nítòsí ibẹ̀. Kí oṣù tó parí, lékeléke náà ti ń dáhùn bọ́ńjúù. Ẹ gé ti lékeléke yẹn dànù.

Nígbà tí wọ́n ti ń gbọ́ ara wọn díẹ̀, ó sọ ti Rúùtù fún Ísákì. Ísákì náà ní àwọn ọmọbìnrin ní Lomé tí kò rí láti ọjọ́ pípẹ́. Láti ìgbà náà, kò bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹja nìkan mọ́. Ó kọ́ ọ ní ohun tí a ń sọ fún ọmọ: ṣé ebi ń pa ọ́, wá síhìn-ín, níbo ló ń dùn ọ́, èmi ni ìyá bàbá rẹ. Ariwo ni wọ́n sì fi ń kọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí jẹnẹrétọ̀ ilé náà kì í sinmi, ó ń bú bí ẹkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ísákì. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń na agbọ̀n sókè, tí Ísákì ń fà á, àwọn méjèèjì á máa pariwo pé "dúsúmáà, dúsúmáà", tí í ṣe rọra, kí ẹja má baà dà sómi. Àfi bíi pé ọmọ kan já sómi ni. Ohùn tí a fi ń pe ẹni tó wà ní òdìkejì odò ni ẹ̀gbọ́n mi fi mọ ọ̀rọ̀ rọra.

Èmi tí mo wà níbẹ̀, n kò fura. Òun náà kò fura.

Òjò dá. Obìnrin oníṣòwò aṣọ kan tó ń jẹ́ Rhoda ló mú ọmọ náà wá, wọ́n wọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì láti Ìgbókòdá. Gbogbo àdúgbò ti jáde sí èbúté. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí pákó níwájú gbogbo wa nínú aṣọ ìjọ rẹ̀, ó ti ń sọ fún wọn láti òwúrọ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ Faransé. Rúùtù sọ̀kalẹ̀, ọmọ tín-ín-rín, ojú rẹ̀ tóbi, ó di aṣọ Rhoda mú gírígírí. Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti sọ láìmọye ìgbà lọ pátápátá bí ẹja tó gba ihò àwọ̀n jáde. Nígbà tí ọ̀kan wá jàjà bọ́, ohùn ẹni tó ń bá jẹnẹrétọ̀ jà ló fi jáde, ó sì bú gbàmù lórí ọmọ náà. Rúùtù bú sẹ́kún, ó sá sẹ́yìn Rhoda.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló burú jù.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, n kì í fẹ́ rántí wọn. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀. Yóò fi ọwọ́ kan òkèlè púpurú díẹ̀, yóò jẹ ẹja díẹ̀, yóò lọ jókòó sí etí pákó níwájú ilé, tí yóò sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ sórí omi, tí yóò máa wo ọ̀nà tó gbà wá. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á fẹ́ sọ̀rọ̀, kò ní rí i sọ. Ó gbìyànjú nínú ilé, ó gbìyànjú nídìí ààrò, ó gbìyànjú lórí ibùsùn tí wọ́n jọ ń sùn sí. Òfo ni. Moríkẹ́, obìnrin ilé kejì tí òun náà ń yan ẹja, tí ẹnu rẹ̀ kò mọ ọjọ́ ìsinmi, ké sí i láti ojú fèrèsé: "Ìyé Mósè, òyìnbó orí omi, ti orí ilẹ̀ ńkọ́?" Ìyé ni à ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti fún un lésì tó máa bá a délé. Lọ́jọ́ yẹn, ó kàn wọlé lọ ni.

Mo lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè. Ó fi ìbẹ̀rùbojo gba orí pákó wá, ó jókòó ti ọmọ náà, ó bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Rúùtù dá a lóhùn ní gbólóhùn díẹ̀. Tíṣà sọ fún wa pé ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tí ìyá àgbà yìí jẹ́, àti ohun tí òun ṣe tí ó fi ń jágbe mọ́ òun.

Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí ògiri. Tíṣà ní òun á máa wá ní ìrọ̀lẹ́ láti ṣe ògbufọ̀ fún wọn, kò ní ni òun lára. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní ẹja. Nígbà tí tíṣà lọ tán, ó ní kí n jókòó.

"Ṣé ẹnu ẹlẹ́nu ni n ó máa yá bá ọmọ ọmọ mi sọ̀rọ̀, Èlíjà? Bí ó bá lá àlá burúkú, ṣé n ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe tíṣà ni?"

Mo dìde, mo bá a yí ẹja orí ààrò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹja ti gbẹ, ó gbọ́dọ̀ lọ tà á. Ó gbé agbọ̀n sínú ọkọ̀, kò pè mí, ó tú okùn, ó fi àjẹ̀ ti òpó ilé, ọkọ̀ sún. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń run orín. Omi ń fà lọ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò ṣe gba iwájú ilé kọjá, níbi tí Rúùtù jókòó sí pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí omi. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe gbójú sókè. N kò rò pé ó ronú rárá. Ẹnìkan jókòó létí omi, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń kọjá lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni.

"Bọ́ńjúù," ló wí.

Ó sì ń bá a lọ. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rẹlẹ̀ jù. Ó ní báwo ni o ṣe jí, báwo ni omi, ará ilé ńkọ́, ṣé ebi ń pa ọ́. Ó jáde ní Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú àwọ̀n kan kò tú. Rúùtù gbé orí sókè. Mo yọ orín lẹ́nu.

Ọmọ náà dáhùn. Ohùn rẹ̀ kéré, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ọkọ̀ ti ń kọjá lọ, ẹ̀gbọ́n mi kò sì yí ọrùn padà, nítorí àṣà ni àṣà. Ó tún béèrè òmíràn, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Ọmọ náà gbé tirẹ̀ sókè. Omi ń gbé ọkọ̀ lọ, ìbéèrè ń lọ, èsì ń tẹ̀ lé e, Rúùtù ti dìde dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ọmọ tí wọ́n bí sáàárín wa, ó ń pariwo. Àṣé igbe ti ní àyè tirẹ̀ lórí omi. Kò sí ẹni tí ọkọ̀ ń gbé lọ tí igbe rẹ̀ ń bani lẹ́rù.

Ibi tí ilé Moríkẹ́ wà ni ẹ̀gbọ́n mi ti yí ọkọ̀ padà. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lọ sọ́jà kì í yí padà nítorí ìkíni. Ó wà á padà wá lòdì sí omi, ó tún gba iwájú ilé kọjá, ó tún kí i látìbẹ̀rẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Àwọn ènìyàn jáde sí ẹnu ọ̀nà. Moríkẹ́ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí a lọ pe pásítọ̀. Ẹja inú agbọ̀n ń bẹ níbẹ̀, ọjà ń lọ, kò kan ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó wá súnmọ́ pákó jù, Rúùtù tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sómi. Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta: "Dúsúmáà." Gbogbo Ugbónlà ló gbọ́ ọ, bóyá Òde Ugbò náà. Ọmọ náà dúró gbọnin. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tó tíì fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ sọ fún un rí pé kó rọra. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń sunkún, ẹkún náà kò sì dá bọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na àjẹ̀ sí i, ọmọ náà dì í mú, òun sì fi í fà á wọ inú ọkọ̀.

Wọ́n jókòó, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní ìdí, ọkọ̀ ń rìn lọ fúnra rẹ̀. Mo rí ẹnu ẹ̀gbọ́n mi tó ń mì, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbọ́, ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí ọmọ náà ń pè tẹ̀ lé e: omi.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní ọ̀rọ̀ kan tó wúwo láti sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń bọ́ sí. Bí òjò bá ń rọ̀, á jókòó sínú ilé, á gbé àjẹ̀ lé itan, ọ̀rọ̀ á sì wá. Ísákì rí ọmọ náà nígbà tí wọ́n jọ lọ ta ẹja. Ó kí i ní ìkíni gígùn, ó sì wọlé lọ nu ojú, ó ní èéfín ni. Nígbà tí àwọn òyìnbó wá epo wọn tán níhà ọ̀dọ̀ wa, wọ́n wọ́ ilé olókè náà lọ, a kò sì rí i mọ́. Rúùtù gbọ́ Ìlàjẹ kíákíá. Kò pẹ́ tó fi ń bá mi jiyàn ní ti bí ẹja mi ṣe gùn tó. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti rí bẹ́ẹ̀ ló wà: kì í lè jókòó kọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò fi Faransé sílẹ̀. Èdè ìyá ọmọ náà ni, ẹ̀gbọ́n mi kò sì fẹ́ kó kú lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún tó kọjá, Rúùtù lọ sílé ọkọ ní Aràròmí, olùkọ́ Faransé ni òun náà báyìí. A sìn ín dé èbúté. Ẹ́ńjìnnì bú, ọkọ̀ ṣí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìkíni láti ibẹ̀ bí a ṣe ń ṣe, ó ń béèrè, Ìyé rẹ̀ ń dáhùn láti orí pákó, ọkọ̀ ń sáré lọ, ohùn ọmọ náà ń ròkè. Ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀gbọ́n mi kò ròkè mọ́. Ó ti darúgbó. Èéfín ẹja ti jẹ ọ̀fun rẹ̀. Ó gbìyànjú, ikọ́ dá a dúró. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a ké e. Ó fi ọwọ́ pa mí lẹ́nu mọ́.

A gbọ́ Rúùtù títí omi fi gba ohùn rẹ̀ mì. Ibi gbogbo pa rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣí ẹsẹ̀. Ó ń wo òkun, ó ti fi ara ti àjẹ̀ rẹ̀. Ó wá wí i, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, bí mi ò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀: "Dúsúmáà, ọmọ mi. Dúsúmáà." Nítorí pé èjìká mi kan tirẹ̀ ni mo fi gbọ́ ọ.

Rúùtù wá kí wa ní Kérésìmesì. Ó jókòó ti Ìyé rẹ̀, ó ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, pé ó bá òun lórí omi, ó sì sin òun délé. Ọkọ̀ ti kọjá ẹnu odò nígbà náà, ẹ́ńjìnnì ń bú. Mo wo ojú rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Èmi ni wọ́n sì ń sọ nínú ilé yìí pé mo máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.